Oko aládàágún lọ́nà Ìmọ̀tà: ta ló ti mú ajá lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀?

Ìyá Bíńgò, Ìgbógbó

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ajá méjì ni mo ní: Bíńgò, akọ ajá ìbílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, àti Tanímọ̀la, abo Alsatian tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Inú ọgbà ni wọ́n ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, ọgbà wa ò sì ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ. Tanímọ̀la ti hú gbogbo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán. Ó ti jẹ bàtà ọkọ mi mẹ́ta, ó sì máa ń dojú kọ ògiri lóru, tí á máa gbó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Dókítà ẹran tó ń tọ́jú wọn ní kò ṣàìsàn rárá, pé eré ni ara rẹ̀ ń béèrè.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ fún mi pé bàbá kan wà lọ́nà Ìmọ̀tà tó ti fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀. Ó mọ odi yí oko náà ká, ilẹ̀ rẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù méjì, adágún méjì ló ṣì kù níbẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, ó ń gba àwọn alájá láyè kí wọ́n wá tú ajá wọn sílẹ̀, kó sáré, kó lúwẹ̀ẹ́. N kò rí irú ẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀. Kí ni kí n mú dání? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá omi yẹn dáa? Bí ajá ẹlòmíì bá kọjú sí tèmi ńkọ́? Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá wo ni yóò tiẹ̀ gbà láti gbé ajá méjì?

Alájá Sábó

Ẹ lọ, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní kábàámọ̀. Mo ti lọ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àmọ́ ẹ tètè jáde nílé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kí ẹ ti wà lẹ́nu géètì, tó bá sì fi máa di aago mẹ́sàn-án kí ẹ ti máa palẹ̀ mọ́. Kankéré ni wọ́n da sílẹ̀ lẹ́bàá géètì yẹn, bí oòrùn bá ti gun orí rẹ̀, iná ni. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé e, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé èje. Bí ọwọ́ yín ò bá gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá ò lè gbà á.

Ní ti kẹ̀kẹ́, ẹ san owó ìjókòó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì tẹ́ tapólì tàbí aṣọ àlòkù sórí ìjókòó kí ajá tó gòkè. Àwọn awakọ̀ kan kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan ibi tí èrò ń jókòó sí, nítorí ìmọ́tótó tí wọ́n fi ń kírun. Ẹ má bá irú wọn jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti bá ẹnì kan ṣàdéhùn ní Àgrìk, òun ló ń gbé mi lọ tó sì ń gbé mi bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ọ̀nà kan náà la jọ máa gbà.

Ẹ̀yin abiyamọ ń kọ́, ẹ wo ọjọ́ Orò kí ẹ tó dá ọjọ́. Bí wọ́n bá ti kéde Màgbó, ìyẹn ọdún Orò Ìkòròdú, kí obìnrin jókòó sílé, kí ajá náà jókòó tì í.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ ní Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú mi dùn dé góńgó nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ yìí. Houston ni mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, ooru Houston àti ti Ìkòròdú kò jìn síra, nítorí náà ohun tí wọ́n ń ṣe níbí lè bá yín lára mu.

Ọgbà ajá kan wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú wa, nínú George Bush Park. Millie Bush Bark Park ni wọ́n ń pè é. Millie ni ajá ààrẹ George H. W. Bush, tó ṣèjọba láti 1989 sí 1993. Ọgbà ńlá ni, wáyà yí i ká, adágún wà níbẹ̀ tí àwọn ajá ń bẹ́ sí gbàgà, omi ẹ̀rọ sì wà tí a fi ń ṣan wọ́n kí wọ́n tó wọ mọ́tò.

Géètì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Méjì ni wọ́n ṣe. Ẹ ó wọ àkọ́kọ́, ẹ ó tì í lẹ́yìn yín, ẹ ó tú okùn ajá yín níbẹ̀, kí ẹ tó ṣí èkejì. Ìdí ni pé gbogbo ajá tó wà nínú ló máa sáré wá sẹ́nu géètì láti wá gbóòórùn àlejò. Bí ti yín bá wà lórí okùn nígbà tí tiwọn wà ní títú, á rò pé wọ́n ká òun mọ́, kò rí ibi sá sí, eyín ló kù tó máa lò. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìjà tó pọ̀ jù lọ, láàárín ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́. Bí bàbá olóko bá lè fi igi àti wáyà kọ́ yàrá kékeré kan sẹ́yìn géètì rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ó sì máa gba ọ̀pọ̀ ajá sílẹ̀. Títí ó fi máa kọ́ ọ, ẹ ní kí àwọn tó wà nínú pe ajá wọn mọ́ra kí ẹ tó wọlé.

Ẹ̀ka tàwọn ajá kéékèèké tún yàtọ̀ sí tàwọn ńlá. Ajá ńlá lè fi eré lásán tẹ kékeré pa, láìsí ìbínú kankan nínú rẹ̀.

Ohun kejì tí mo kíyè sí: àwọn tí ajá wọn kì í jà kì í jókòó. Wọ́n ń rìn yí ọgbà náà ká ni, ajá sì ń tẹ̀ lé wọn. Ibi tí ènìyàn márùn-ún bá kóra jọ tí wọ́n ń tẹ fóònù, ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ igbe.

Ọmọ Ọdẹ

Ìyá Bíńgò, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́, ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ bá pe Tanímọ̀la, ṣé á wá? Kì í ṣe ìgbà tí oúnjẹ wà lọ́wọ́ yín ni mò ń sọ o. Ìgbà tí adìẹ aládùúgbò ń kọjá lọ ni.

Ọdẹ ni bàbá mi, lápá Àgbọ̀wà. Ṣaworo máa ń wà lọ́rùn ajá rẹ̀ kó lè mọ ibi tó wà nínú igbó, fèrè sì wà lọ́rùn òun náà. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bàbá mi kì í gbà pé orí ajá ló fà á. Ó ní ọdẹ tí kò fi fèrè kọ́ ajá rẹ̀ nílé ló sọ ọ́ nù. Kó tó gbé oúnjẹ sílẹ̀, á fun fèrè. Bí ajá bá wà lẹ́yìnkùlé, á fun fèrè, á ju eegun sí i. Bó ṣe máa ṣe é nìyẹn fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ajá náà tó dé etí igbó.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Mo máa ń já ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Mo máa pe orúkọ ajá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan náà ni o. Bó bá yíjú, mo máa fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè máa lé mi bọ̀. Bó bá dé, ẹja nìyẹn. Tí mo bá pè é ẹ̀ẹ̀mẹwàá kó tó wá, mo ti kọ́ ọ pé ìgbà kẹwàá ló yẹ kó dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo mú un lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí kò sí ọmọ níbẹ̀, mo so okùn tó gùn tó mítà mẹ́wàá mọ́ ìgbàyà rẹ̀, ìyẹn bẹ́líìtì tó yí àyà rẹ̀ ká. Ẹ má so okùn gígùn mọ́ ọrùn o, bó bá sáré dé ìparí rẹ̀ ó lè dá a lọ́rùn. Ẹ má sì jẹ́ kó wọ omi pẹ̀lú rẹ̀, nítorí gbòǹgbò lè há a mọ́ ìsàlẹ̀.

Mo fẹ́ bẹ gbogbo yín lórí ohun kan. Ẹ má pe ajá wá kí ẹ wá nà á. Mo rí arákùnrin kan lóko yẹn tó pe ajá rẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ẹran náà wá, tó ń ju ìrù, tí omi ń kán lára rẹ̀, ó gbá a létí. Ó dùn mí dọ́kàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ajá yẹn dúró ní òdìkejì adágún, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀, kò sún kẹ́rẹ́. Ta ló máa dá a lẹ́bi?

Ẹ tún máa pè wọ́n láàárín eré, kí ẹ fún wọn lẹ́ja, kí ẹ sì ní kí wọ́n padà lọ ṣeré. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ilé bá yá nìkan lẹ ń pè wọ́n, wọ́n máa mọ̀.

Dókítà Ẹran

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Èmi kì í ṣe dókítà ajá yín, nítorí náà ẹ fi ohun tí mo bá sọ bá tiyín sọ̀rọ̀. Àmọ́ káàdì abẹ́rẹ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí bàbá olóko máa wo káàdì lẹ́nu géètì. Ẹni tí kò bá ní i, kó padà sílé.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kọ́kọ́. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, kó gbà á, kó sì tún un gbà lọ́dọọdún. Ajá ló ń kó àrùn náà ran ènìyàn nínú bíi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ sára ènìyàn, ikú ló máa ń já sí. Láti 6 July 1885 tí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ti fún ọmọdé kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ la ti mọ̀ pé ó ṣeé dènà. Pasteur kú ní 28 September 1895, ìdí nìyẹn tí 28 September fi jẹ́ Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, tí wọ́n sì máa ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi púpọ̀ lásìkò náà. Ẹ máa tẹ́tí sí rédíò.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kódà kó jẹ́ pé eyín kan ló ha á, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni ẹ ó fi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo aago, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi epo pupa sí i, ẹ má sun irun ajá náà kí ẹ fi bò ó. Mo ti rí ohun tí irun yẹn ń fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ajá kéékèèké, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé títí wọ́n á fi gba gbogbo abẹ́rẹ́ parvo (àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ajá) wọn tán, ìyẹn bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Kòkòrò parvo máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ gan-an.

Nítorí omi, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ leptospirosis. Ìtọ̀ eku ló ń gbé àrùn yẹn wọ adágún, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá tó gbá gbogbo ẹ̀gbin ilẹ̀ wọnú omi. Ó máa ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè ran ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń gún un, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láàárín, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà òjò June, bí omi bá pọ́n bí ẹ̀kọ tí wọ́n po ilẹ̀ mọ́, ẹ fi omi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré lórí koríko.

Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ńlá kí ẹ tó jáde. Àwọn ajá tí àyà wọn jìn, bí Alsatian, Rottweiler àti Boerboel, inú wọn lè wú kó sì yí po bí wọ́n bá yó tán tí wọ́n ń sáré, wákàtí díẹ̀ sì ló máa ń fi pa wọ́n. Ẹ gbé omi mímu láti ilé. Bí ẹ bá ń ju bọ́ọ̀lù sómi kí wọ́n lọ gbé e, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde sinmi ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lanu gbé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbé omi mì. Omi àmujù lè mú kí ajá máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó bì, kó dákú pàápàá.

Alájá kékeré, Ẹ̀yìta

Dókítà, ẹ ṣé gan-an. Lhasa àti bulldog ni mo ní. Ṣé kí n mú àwọn náà lọ?

Dókítà Ẹran

Ẹ mú Lhasa lọ, ṣùgbọ́n ẹ gé irun rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Bulldog ò gbọdọ̀ wọ omi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá kan ilẹ̀. Orí rẹ̀ wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, á rì bí òkúta. Imú pẹlẹbẹ yẹn kì í sì í jẹ́ kó lè mí ooru jáde, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá sì fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí ẹ bá rí i tí ahọ́n rẹ̀ pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà.

Baba Ẹlẹ́ja, Odógunyàn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi sin ẹja àrọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi.

Adágún ẹja kì í ṣe odò. Odò ní èbúté tó rọra ń jìn. Adágún tí wọ́n fi katakata gbẹ́, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, amọ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Ó máa ń rọrùn fún ajá láti bọ́ sí i, jíjáde ni wàhálà. Èmi fúnra mi ní ajá kan tó ń jẹ́ Jáàkì, ó lé awọ́nríwọ́n wọnú pọ́ńdù mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì débẹ̀, imú àti ojú rẹ̀ nìkan ló kù lókè omi. Ó ń yí etí omi náà po. Bó bá ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé amọ̀, amọ̀ á ya bọ́ lù ú lójú, á tún padà sínú omi, á lọ gbìyànjú níbòmíì. Kò gbó, kò pariwo, ariwo èékánná rẹ̀ lára amọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo dojú bolẹ̀, mo fa awọ ọrùn rẹ̀ mú. Ó sùn sí ẹsẹ̀ mi di òwúrọ̀, ó ń gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì mo kó iyanrìn sínú àpò, mo tò ó bí àtẹ̀gùn láti etí dé ìsàlẹ̀ omi. Nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi bàbá olóko pé níbo ni ajá ń gbà jáde. Ibẹ̀ gan-an ni kí ajá yín ti wọ omi nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ kó lè máa rí yín. Ajá kì í wá ọ̀nà tuntun nínú omi, ibi tó gbà wọlé ló ń wá. Bí kò bá sí àtẹ̀gùn kankan, ẹ má tú u sómi.

Ẹ bi í bóyá ẹja ṣì wà nínú èyíkéyìí. A máa ń da ìgbẹ́ adìẹ àti ẹfun sínú pọ́ńdù tó ń ṣiṣẹ́, ajá ò gbọdọ̀ mu ún. Ẹ wo ojú omi. Ojú oró kò burú, ó kàn lè bo ibi tó jìn mọ́lẹ̀ tí ajá á fi rò pé ilẹ̀ ni. Èyí tó ń pa ni ti omi tó dà bíi pé wọ́n da ọ̀dà aláwọ̀ ewé lé e lórí, tó ń rùn. Ajá tó bá mu ún lè má rí ọ̀la. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀pá gígùn tọ ìsàlẹ̀, nítorí àwọ̀n àlòkù àti ìgò fífọ́ ni àwa ẹlẹ́ja máa ń gbàgbé síbẹ̀.

Bí ajá bá gbé ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́nu tó wá ń hó itọ́, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ẹnu rẹ̀ síta, kì í ṣe sí ọ̀fun. Eṣúṣú lè lẹ̀ mọ́ àárín ọmọ ìka, ẹ máa wo ibẹ̀.

Alájá Sábó

Baba Ẹlẹ́ja, ẹ ṣé. Àpò iyanrìn wà ní adágún apá ọ̀tún, kò sí ní tòsì. Mo máa bá bàbá sọ ọ́.

Ìyá Bíńgò béèrè nípa ìjà. Ẹ wo ara ajá, ẹ má wo ìrù nìkan. Ajá tó ń ṣeré máa ń tẹ àyà sílẹ̀, á gbé ìdí sókè, ara rẹ̀ á rọ̀. Èyí tó fẹ́ jà máa ń le gbagidi, ẹnu á dé, ojú á ranjú. Kó tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti pe tiyín. Bí wọ́n bá ti dìmú, ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu wọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lójú, tàbí kí oníkálùkù fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi bọ́ọ̀lù àti eegun sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí Tanímọ̀la bá ń wá akọ lásìkò yẹn, kó má jáde o. Kí ẹ sì mú ọ̀rá fún ìgbẹ́, bàbá yẹn kì í ṣe ìránṣẹ́ wa.

Ìyá Bíńgò, Ìgbógbó

Mo padà dé o! Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ Tanímọ̀la bó ṣe ń dáhùn, bí Ọmọ Ọdẹ ṣe wí, àná la sì lọ.

Bíńgò ò wọ omi. Ó rìn débi tí omi kàn án níkùn, ó dúró, ó ń wo wá bí àgbàlagbà. Mi ò fipá mú un. Tanímọ̀la ni kó o wá wò. Mo dúró sórí àpò iyanrìn, omi dé orókún mi. Ó tẹ̀ lé mi, ilẹ̀ sá lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá omi pàpàpà sókè, ìdí rẹ̀ ń rì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ikùn rẹ̀ díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́jú pẹ̀lú omi. Mo gbọ́ ọ lára nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dákẹ́ gbígbá. Mo yọwọ́. Ó ń lọ! Orí rẹ̀ nìkan lókè, omi ń pín sọ́tùn-ún sósì. Omijé bọ́ lójú mi níbẹ̀, n kò ní purọ́.

Rottweiler kan le gbagidi sí i lẹ́nu géètì nígbà tí a fẹ́ wọlé. Mo pe Tanímọ̀la lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú, ó sáré tọ̀ mí wá. Ẹja gbígbẹ tó kù nínú ọ̀rá ni mo dà fún un pátá.

Mo gbàgbé láti nu inú etí rẹ̀, ó ti ń mi orí láti àárọ̀, mo ti pe dókítà rẹ̀. Ìrù rẹ̀ náà sọ̀ wọ̀ọ̀ bí okùn, kò lè gbé e.

Dókítà Ẹran

Ìrù yẹn, iṣan tó rẹ̀ nítorí omi ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á gbé e padà. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú un wá. Etí ni kí ẹ má fi falẹ̀. Nígbà míì, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́.

Ìyá Bíńgò, Ìgbógbó

Mo gbọ́, dókítà. Kò gbó ògiri lóru àná.

Bàbá olóko gbà kí a to iyanrìn sí adágún apá òsì. Mo ní àpò ìrẹsì mẹ́fà tó ṣófo, ọkọ mi máa gbé ṣọ́bìrì. Ta ló máa mú àpò kún un ní Sátidé? Kẹ̀kẹ́ máa gbéra ní Àgrìk ní aago mẹ́fà, àyè ènìyàn kan àti ajá kan ló kù.

Baba Ẹlẹ́ja, Odógunyàn

Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún èmi àti Jáàkì. Mo máa mú mẹ́wàá wá.